Ẹ kọ́kọ́ kọ́ "mò ń bọ̀" lédè ọmọ náà

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, mà. Houston lèmi àti ọkọ mi ń gbé. A ti gbà láti sọ ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan láti Kòlóḿbíà di ọmọ wa. Ìwé ló kù, wọ́n ní kí a máa retí. Ọ̀dọ̀ ìyá alágbàtọ́ kan nítòsí ìlú Cali ló wà báyìí, èdè Sípéènì nìkan ló sì gbọ́. A ti rí fọ́tò rẹ̀, irun rẹ̀ pọ̀. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì làwa gbọ́. Ọkọ mi ní kò sí wàhálà, nítorí Lucumí ni orúkọ ìdílé ọmọ náà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ni, ara rẹ̀ á mọ̀ wá. Ìyá ọkọ mi ní orúkọ Yorùbá ni ká sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá dé, kó sì máa kúnlẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, torí kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Èmi ò rí oorun sùn mọ́. Kí ni mo máa bá ọmọ yẹn sọ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́? Ṣé kí a ti máa fi fídíò Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí i kó lè máa kọ́ ọ? Ìyá tó ń retí.

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, ẹ kú ìretí, ẹ sì kú àìsùn.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi àìsùn yẹn bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọ̀rọ̀ yín wà nínú lẹ́tà yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ ro ọ̀rọ̀ náà dé alẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni ọkọ yín ń rò. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ìyá ọkọ yín ń rò. Ẹ̀yin ń ro ìgbà tí ẹ bá pa iná tán, tí ọmọ ọdún mẹ́jọ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú èèyàn méjì tí kò mọ̀ rí, tó sì fẹ́ béèrè nǹkan. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn ìdílé tó ń retí ọmọ láti òkè òkun múra sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, mo sì ti ṣe àṣìṣe nídìí rẹ̀. Ọ̀kan rèé. Tọkọtaya kan, Yorùbá bíi tiyín, fẹ́ lọ gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà ní Bogotá. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa fi áàpù orí fóònù kọ́ èdè Sípéènì lójoojúmọ́. Wọ́n sì kọ́ ọ, odidi oṣù mẹ́jọ. Lóru ọjọ́ kejì tí ọmọ dé ọwọ́ wọn, ó ta jí, ó ń sunkún, ó fọwọ́ bo etí kan, ó ń wí pé "me duele, me duele". Wọ́n gbé omi fún un, kò mu ún. Wọ́n fún un ní bísíkíìtì, ó tì í dànù. Bàbá ṣí fóònù kó lè wá ìtumọ̀. Ọmọ rí i tí ìmọ́lẹ̀ fóònù tàn sójú bàbá, tí bàbá ò wo òun mọ́, ó yíjú sí ògiri. Ilẹ̀ ti mọ́ kí obìnrin tó ń tún yàrá òtẹ́ẹ̀lì ṣe tó sọ fún wọn pé etí ló ń dun ọmọ yín o. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo àwọ̀ ní èdè Sípéènì. Wọ́n lè sọ pé ológbò ń mu wàrà. Wọn ò mọ "ó ń dùn mí". Èmi ni mo sì rán wọn níṣẹ́ ológbò yẹn.

Torí náà, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ èdè, kì í ṣe ọmọ. Ẹ má sì kọ́ ọ bí ẹni tó fẹ́ yege ìdánwò. Bí abiyamọ ni kí ẹ kọ́ ọ. Ẹ jókòó ti ìwé kan, kí ẹ ro gbogbo ohun tí ìyá ń bá ọmọ sọ láti àárọ̀ di alẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Kò ní ju bí ọgọ́ta gbólóhùn lọ. Ṣé ebi ń pa ẹ́? Ibo ló ń dùn ẹ́? Ṣé o fẹ́ tọ̀? Ṣé omi yìí ò gbóná jù? Ṣé kí n pa iná àbí kí n fi í sílẹ̀? Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́? Mi ò bínú sí ẹ. Mo wà níbí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọmọ Kòlóḿbíà kan, wọn ò ṣọ̀wọ́n ní Houston, kí ó sọ gbogbo rẹ̀ fún yín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní apá Cali, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ máa gbọ́ ọ nínú mọ́tò. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ Kòlóḿbíà ni mo wí. Sípéènì tó kún ìgboro Houston, ti Mẹ́síkò ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì yàtọ̀ síra bí Ìjẹ̀bú ṣe yàtọ̀ sí Ọ̀yọ́: wọ́n á gbọ́ra wọn yé, ṣùgbọ́n ohùn ilé kọ́ ni. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, ohùn ilé ló máa ń fetí wá.

Ẹ jẹ́ kí ẹni yẹn kọ́ yín ní èsì náà. Kí làǹfààní pé ẹ lè béèrè "ibo ló ń dùn ẹ́" tí ẹ ò bá gbọ́ "ikùn" nígbà tó bá dáhùn?

Gbólóhùn kan wà tí kò ní ṣòro fún yín rárá. Bí Yorùbá bá ń jáde nílé, "mò ń bọ̀" ló máa ń wí, nígbà tó jẹ́ pé lílọ ló ń lọ. Mo mọ̀ pé àwọn ará ibiṣẹ́ yín ti fi yín rẹ́rìn-ín lórí èyí, tí ẹ bá ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn rí. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn ní Kòlóḿbíà. "Ya vengo" ni wọ́n ń sọ, "mò ń bọ̀" náà ni, ìgbà tí wọ́n bá sì ń jáde ni wọ́n ń sọ ọ́. Ọmọ tí àgbàlagbà ti jáde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ rí tí wọn ò padà wá mọ́, ẹsẹ̀ yín ni yóò máa ṣọ́. Kódà bó bá jẹ́ ilé ìwẹ̀ lẹ̀ ń lọ, ẹ sọ pé "ya vengo", kí ẹ sì tètè jáde. Ẹ má bá a lo "ahorita" ní tiyín ná. Wọ́n lè fi ìyẹn pe ìsinsìnyí, wọ́n lè fi pe ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì lè fi pe ọjọ́ tí kò ní dé. Àwa tá a ní "ó máa tó yá" mọ irú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fídíò Gẹ̀ẹ́sì: rárá o. Nínú ohun gbogbo tí ọmọ yẹn ń gbé bọ̀, èdè rẹ̀ nìkan ni kò sẹ́ni tó lè gbàgbé rẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀yin ni ẹ kàn lè bá a sọ ọ́ nù. Ó sì máa ń yá. Ní 2003, Christophe Pallier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé yẹ àwọn àgbàlagbà kan wò tí wọ́n gbé wá láti Kòríà nígbà tí wọ́n wà láàárín ọmọ ọdún 3 sí 8. Wọ́n fi gbólóhùn èdè Kòríà sí wọn létí pẹ̀lú ti àwọn èdè mìíràn. Wọn ò dá a mọ̀ ju bí ọmọ Faransé tí kò gbọ́ ọ rí ṣe dá a mọ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ń ṣàròyé, ó ti ń purọ́, ó ti ń pa àlọ́, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ lọ. Ní 2014 àwọn onímọ̀ kan ní Montreal yẹ ọpọlọ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n gbé láti Ṣáínà ní kékeré wò. Ohùn ṣe pàtàkì nínú èdè Ṣáínà bíi tiwa, òkè àti ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. Àwọn ọmọ náà ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn yẹn, ọpọlọ wọn ṣe bíi ti ẹni tó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Èmi kì í fi èyí tu òbí nínú. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ kò lè bá ìyá alágbàtọ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Gẹ̀ẹ́sì á wá fúnra rẹ̀, ẹ ò ní nílò fídíò kankan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni ọdún kejì. Jim Cummins, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Kánádà, ti fi hàn tipẹ́ pé bí ọdún méjì ni ọmọ fi ń mọ Gẹ̀ẹ́sì eré àti ti ojú títì, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ń gba ọdún márùn-ún sí méje. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, ẹ̀yin, tíṣà, gbogbo ayé yóò máa rí ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ketekete tó sì ń gba òdo nínú ìwé kíkà. Wọ́n á pè é ní ọ̀lẹ. Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá, tí ọ̀rọ̀ ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́dọ̀ wa, á na ọwọ́ sí i. Ẹ lo ìgbà ìretí yìí fi wá iléèwé. Òfin Texas ní kí agbègbè iléèwé tó bá ní ọmọ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí èdè ilé wọn jọ jẹ́ ọ̀kan ní kíláàsì kan náà ṣètò ẹ̀kọ́ elédè méjì fún wọn, ní Houston sì rèé, Sípéènì pọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ béèrè irú èyí tó wà ládùúgbò yín kí ọmọ tó dé.

Yorùbá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín pé yóò jẹ́ ìkẹta. Ẹ má fi ṣe ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí ó wà lára ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe. Ẹ ní irun ọmọ náà pọ̀, ẹ rí i nínú fọ́tò. Èyí ni ẹ̀bùn tó tóbi jù tí ẹ̀yin ní tí ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ń gba ọmọ dúdú ṣọmọ ò ní: ẹ mọ irun dì. Ní àwọn ìlú èèyàn dúdú ní Kòlóḿbíà, láàárín ẹsẹ̀ obìnrin kan ni ọmọbìnrin máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń dirun fún un, bí i tiwa náà ni. Àwọn àgbà wọn a máa ṣe ìtàn pé láyé ẹrú, àwọn obìnrin a máa fi ojú irun júwe ọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ sá lọ. Nítorí náà, ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, tí ara bá ti balẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé ìyarun àti òróró sílẹ̀, ẹ jókòó sórí àga, ẹ béèrè pé "¿te peino?", ṣé kí n yarun fún ẹ? Bó bá kọ̀, ẹ kó o kúrò láì fajúro. Bó bá gbà, ẹ yà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ dì í ní ṣùkú kékeré, kí ẹ máa kọrin Yorùbá tí ìyá yín fi di tiyín. Ẹ ò ní túmọ̀ orin náà. Wákàtí méjì, orí rẹ̀ lórí itan yín, kò sẹ́ni tó ń wá ọ̀rọ̀ tì. Mo ti rí ọmọ tó sùn lọ sídìí irun lọ́jọ́ tí kò tíì gbà kí wọ́n di òun lọ́wọ́ mú.

Ó kan ọkọ yín wàyí, mo sì fẹ́ kí ẹ ka ibí yìí sí i létí.

Lucumí, lóòótọ́, orúkọ wa ni. Òun làwọn Sípéènì ń pe àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú. Ní Kúbà, títí dòní, òun ni wọ́n ń pe èdè tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà. Ní àríwá ẹkùn Cauca, lẹ́bàá Cali, níbi tí wọ́n ti fi ẹrú wa wúrà tí wọ́n sì fi gbin ìrèké, orúkọ tí oníṣòwò ẹrú kọ síwájú ènìyàn nínú ìwé ọjà di orúkọ ìdílé: Carabalí fún àwọn tí wọ́n kó gba Kàlàbá, Arará fún àwọn ará Àláàdá, Mina, Lucumí. Ọkọ yín lè ti rí i lẹ́yìn aṣọ Jhon Lucumí, ọmọ Cali tó ń gba ẹ̀yìn fún Kòlóḿbíà. Mo lóye ìdí tí orí rẹ̀ fi wú. Tèmi náà wú nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ oníṣòwò ló kọ orúkọ yẹn, kì í ṣe ọwọ́ bàbá ọmọ. Ibi tí wọ́n ti ra ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń kọ, yálà ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí tàbí wọ́n mú un gba ibẹ̀ kọjá ni. Láti 1852 tí ìgbà ẹrú ti parí ní Kòlóḿbíà, ìran mélòó ló ti kọjá, tí Lucumí ti fẹ́ Carabalí, tí Carabalí ti fẹ́ ẹlòmíràn? Ọmọ náà ò mọ Ifẹ̀, kò mọ Ọ̀yọ́. Ó mọ àdúgbò kan, ìlù kan, ìyá alágbàtọ́ kan. Bí ọkọ yín bá kí i káàbọ̀ pẹ̀lú "o ti padà wálé", ọmọ á wo ọ̀tún, á wo òsì, á rí i pé òun ti jìnnà sílé gan-an. Ó di ọjọ́ tó bá pé ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, tóun fúnra rẹ̀ béèrè pé kí ni Lucumí. Kí bàbá rẹ̀ tọ́jú ìtàn náà dọjọ́ yẹn. Ìtàn tó dùn ni, kò ní bàjẹ́.

Ìsúnmọ́ra tí ẹ rò pé ó wà yìí gan-an ló sì máa ń fa ìjà kéékèèké, torí ẹ ò ní fura. Ẹ gbọ́ eléyìí. Ní Kòlóḿbíà, tí wọ́n bá fẹ́ júwe ibi tí nǹkan wà, ẹnu ni wọ́n fi ń júwe: wọ́n á ṣù ètè jọ, wọ́n á nà án síbi tí nǹkan náà wà. Ẹ fojú inú wò ó. Ìyá àgbà béèrè ibi tí bàtà wà, ọmọ ọdún mẹ́jọ wo ojú rẹ̀, ó yínmú. Ẹ mọ ohun tí yínmú jẹ́ nílé wa! Ìjà dé, bẹ́ẹ̀ bàtà lọmọ ń júwe. Òun á fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Á máa wo yín lójú nígbà tí ẹ bá ń bá a wí. Ní ti ìpè, èyí á dùn mọ́ yín: ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ níbẹ̀, tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, "¿señora?" ni yóò fi dáhùn, bí i pé ó ní "mà?". Ẹ tún máa gbọ́ tí àgbàlagbà ń pe ọmọ kékeré ní "mami", gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń pe ọmọbìnrin wa ní "ìyá mi" tá a bá ń kẹ́ ẹ. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "ẹ" àti "o" wá ńkọ́? Wọ́n ní "usted" tó dà bí "ẹ", ṣùgbọ́n ẹ má fi òṣùwọ̀n wa wọ̀n ọ́n. Ẹlòmíràn ń bá àbúrò rẹ̀, ń bá ajá rẹ̀ pàápàá sọ "usted". Ní Cali, "vos" ló wà lẹ́nu wọn láàárín ẹni tó sún mọ́ra. Nítorí náà bí ọmọ bá kúrò ní "usted" tó bọ́ sí "vos" pẹ̀lú yín lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ má rò pé ó ti ń rí yín fín. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ tó gbà pé ìyá òun ni yín nìyẹn.

Orúkọ. Ìyá ọkọ yín ò lè sọ ọ́ ní orúkọ tuntun lọ́jọ́ tó bá dé, kì í sì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Òfin 1098 ti ọdún 2006, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ọmọdé ní Kòlóḿbíà, ní ọmọ yóò máa jẹ́ orúkọ ìdílé àwọn tó gbà á ṣọmọ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ gan-an kò ṣeé pààrọ̀ àyàfi bí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, tàbí tóun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, tàbí tí adájọ́ bá rí ìdí tó nítumọ̀. Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Ẹ ronú nípa ẹ̀yin náà, tí ẹnì kan bá gbé yín lọ sílùú mìíràn lọ́mọ ọdún mẹ́jọ tó ní láti òní lọ ẹ kì í ṣe ẹni tí ẹ jẹ́. Oríkì la lè fi kún un. Àbẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka lẹ́tà yín: ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Kí Ìyá àgbà máa fi kì í nígbà tó bá ń fún un lóúnjẹ, kó má ṣe sí ìpàdé, kó má ṣe sí àwo oyin àti iyọ̀. Ọjọ́ tó bá dáhùn sí i, ẹ wá pe àwọn ẹbí.

Ọ̀rọ̀ ìrókò: òwe náà pé, ṣùgbọ́n ìrókò yìí ò hù lọ́gbà yín. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti gé ẹ̀ka rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ọmọ yẹn ti máa ń rí ẹni tó kúnlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó kúnlẹ̀ kí Ìyá àgbà, ẹ̀yin ni kí ẹ máa kúnlẹ̀ kí i lójú ọmọ náà láràárọ̀, kí ọkọ yín náà dọ̀bálẹ̀, kí ẹ má sì wo ojú ọmọ láti rí i bóyá ó ń wò yín. Ọmọdé kì í fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Kí Ìyá àgbà sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Kátólíìkì ló ṣeé ṣe kí wọ́n fi tọ́ ọ, àti pé ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá gbogbo ìlú ń tan àbẹ́là síta fún Màríà Wúńdíá. Bó bá béèrè àbẹ́là lóṣù yẹn, kì í ṣe òrìṣà ló fẹ́ bọ. Ẹ rà á fún un, kí ẹ bá a tàn án.

Oúnjẹ ò ní gbà wá lákòókò. Ẹ yọ ata kúrò nínú ọbẹ̀ fún oṣù àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ wọn, ata máa ń dá wà nínú àwo tirẹ̀ lórí tábìlì ni, ẹni tó bá fẹ́ á bù ú. Dòdò yín á gbà yín là, "maduro" ló ń pè é.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ èdè ni ìyá alágbàtọ́, ẹ sì dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nínú lẹ́tà yín. Ìjọba Kòlóḿbíà, lábẹ́ àjọ wọn tí wọ́n ń pè ní ICBF, máa ń fi irú ọmọ báyìí sọ́dọ̀ ìdílé kan tó ń tọ́jú rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ó lè jẹ́ ọdún kan, ó lè jẹ́ mẹ́ta. Ọmọ á máa pè é ní mami. Nínú èdè wa, alágbàtọ́ kì í ṣe ọlọ́mọ, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé kò tó nǹkan. Òfin náà wá fi ìyàtọ̀ sí i, nítorí gbígbà ṣọmọ ní Kòlóḿbíà ò ṣeé dá padà, ọmọ yín ni títí láé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀yin bá ń sunkún ayọ̀, ọmọ yẹn ń pàdánù ìyá kejì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń bá yín ṣètò ìgbàṣọmọ yìí bóyá ẹ lè fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí obìnrin náà láti ìsinsìnyí. Irú ọṣẹ wo ló fi ń wẹ̀ ẹ́? Ṣé ó ń sùn nínú òkùnkùn? Orin wo ló ń kọ fún un? Kí ló máa ń ṣe tó bá ń bínú, ṣé ó ń pariwo ni àbí ó ń dákẹ́? Bí ara rẹ̀ ò bá yá, kí ló máa ń béèrè? Ọ̀pọ̀ ìgbà, omi ìrèké gbígbóná tí wọ́n ń pè ní "agua de panela" ni, ẹ ó rí panela rà ní ọjà àwọn ará Látìn ní Houston. Ẹ ra ọṣẹ kan náà dání. Aṣọ tó bá wọ̀ wá, ẹ má fọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òórùn ilé yẹn ló wà lára rẹ̀. Kí ẹ mú aṣọ àǹkárá tó dára lọ fún obìnrin náà, kí ẹ sì kúnlẹ̀ kí i lójú ọmọ. Kò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ á mọ̀ pé ẹ ò bá a jà.

Wọ́n á ní kí ẹ fi álíbọ́ọ̀mù fọ́tò ránṣẹ́ kí wọ́n lè fi yín han ọmọ. Ẹ má fi fọ́tò òde ìyàwó sí i, gèlè àti gbogbo aṣọ ẹbí yẹn. Ẹ fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí i. Ẹ fi ilẹ̀kùn ilé sí i, ọ̀nà tó lọ sí ilé ìwẹ̀, ìkòkò tó wà lórí iná, Ìyá àgbà láìwọ gèlè. Kí gbólóhùn kan péré wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní èdè Sípéènì, kí ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín ọmọ Kòlóḿbíà bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìdúró yìí lè gùn, mi ò sì ní tàn yín pé ilẹ̀kùn kì í tì. Ní 2018 ni Ethiopia dá fífi ọmọ fún àjèjì gbà ṣọmọ dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024 ni Ṣáínà kéde pé ó parí, àwọn ìdílé kan ní Amẹ́ríkà sì ti mọ orúkọ ọmọ tí wọ́n ń retí láti bí ọdún mélòó kan. Nítorí náà, ẹ má tíì fi fọ́tò rẹ̀ han ìjọ, ẹ má tíì ra gbogbo aṣọ. Wákàtí 10 ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí òfin Amẹ́ríkà béèrè lọ́wọ́ yín, mo mọ̀ pé ẹ ti ṣe é, ẹ sì ti gbàgbé ìlàjì rẹ̀. Ọgọ́ta gbólóhùn yẹn ni kí ẹ máa fi ka ọjọ́.

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ béèrè ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí iná kékeré kan wà ní títàn. Ẹ má sùn ti ọmọ náà tí kò bá pè yín, ẹ má sì jáde nínú yàrá. Ẹ tẹ́ nǹkan sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí ẹ jókòó síbi tó ti lè rí yín. Ẹ sọ pé "aquí estoy", mo wà níbí, lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dákẹ́. Tó bá sunkún, ẹ má wí pé kó yéé sunkún. Tí òǹgbẹ bá gbẹ yín, ẹ sọ "ya vengo", ẹ lọ mu omi, kí ẹ padà wá jókòó síbẹ̀.

Tí ẹ bá ti gba ohùn gbólóhùn mẹ́wàá àkọ́kọ́ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Obìnrin ará Cali kan wà níbiṣẹ́ mi tó máa bá yín gbọ́ ọ, kò sì ní tàn yín tí ẹ bá ṣì í pè.